Táyà ńlá kọ́ ló ń gun òkè, gíà ni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ifẹ̀ tí ẹ ń gbé táyà 33 sábẹ́ 4Runner àti Hilux kí wọ́n lè máa wò yín ní Lágẹ́rẹ́ àti Mayfair, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń wá àwàdà lè máa bá tiẹ̀ lọ.

Mi ò ní kí ẹ má ra táyà ńlá. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ra táyà ńlá tí kò yí gíà inú axle padà ti gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó wá ń pè é ní ọkọ̀ oko. Ó sì ń kó àwọn tó jókòó sẹ́yìn sínú ewu. Mo mọ̀, torí pé èmi gan-an ti ṣe é rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń dá oko kòkó lọ́nà Olódè. Dádì Olódè la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní Hilux tòkunbọ̀ kan, onígíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, táyà 265/70R16 lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá fóò-wíìlì rẹ̀ ti gan tipẹ́, kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ọkọ̀ yẹn kó kòkó jáde láti oko, tí wọ́n ń gun òkè kan tó wà lẹ́yìn odò kékeré kan, òkè amọ̀ pupa, láìsí wàhálà tó jù kí táyà yọ̀ díẹ̀.

Èmi ọlọ́gbọ́n wá dé. Mo ti wo fídíò, mo ti wo fídíò. Mo ní, "Dádì, táyà yìí kéré. Ẹ jẹ́ ká fi 285/75 sí i, ẹ ò ní há sínú ẹrẹ̀ mọ́ láéláé." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Owó kòkó ni wọ́n yọ fún mi. Mo lọ ra mẹ́rin, a gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀ kó má baà máa ha ara, a dè é. Ah, ó rẹwà! Láti Sábó dé Lágẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yí ọrùn wò wá. Ọjọ́ yẹn, mo ya fọ́tò tó lé ní ogún.

Oṣù kẹwàá, ìgbà kòkó dé. Àpò mẹ́rìnlá la kó sẹ́yìn ọkọ̀. Àpò kòkó gbígbẹ kan tó nǹkan bíi kìlógráàmù 64, ẹ ṣírò ó, ó fẹ́ẹ̀ pé 900. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lóko jókòó sórí ẹrù. A kọjá odò, a bẹ̀rẹ̀ òkè, gíà kìn-ín-ní. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Dádì ń fi kílọ́ọ̀ṣì rá a, òórùn jíjóná bo inú ọkọ̀. Lójijì ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n fa háńbíréèkì, táyà ò dúró nínú amọ̀ yẹn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

Ọmọ yẹn bẹ́ sílẹ̀. Igi obì kan ló gba ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dá lẹ́sẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò lè rìn dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì ti jóná ráúráú. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Dádì Olódè ò bú mi. Wọ́n kàn tẹ ọ̀kan nínú àwọn táyà náà wò, wọ́n ní, "Ṣé táyà yìí náà ló ń ru kòkó ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé 4L tí kò ṣiṣẹ́ ló fà á. Òótọ́ ni, ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí a ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ọkọ̀ yẹn fi gun òkè yẹn láìsí 4L, pẹ̀lú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí ló wá yí padà? Táyà nìkan. Táyà tí èmi rà.

Nígbà tí mo padà sílé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́ ohun tó yẹ kí n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gbọ́.

Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, irin roboto kan wà bí ikùn aboyún. Difrẹ́ńṣà ni. Inú rẹ̀ ni gíà méjì ti ń jẹ ara wọn: kékeré kan tí pùrópẹ́là ń yí, wọ́n ń pè é ní pinion, àti ńlá kan tó ń yí táyà, ìyẹn crown. Iye eyín crown pín sí iye eyín pinion, òun ni nọ́ńbà tí à ń wí yìí. Eyín 41 àti eyín 10, ó jẹ́ 4.10. Eyín 43 àti eyín 11, ó jẹ́ 3.909. Eyín 41 àti eyín 9, ó jẹ́ 4.556. Ìtumọ̀ 4.10 ni pé pùrópẹ́là gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó dé ẹsẹ̀ táyà ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ yí tó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: nọ́ńbà tó TÓBI ni gíà tó rọrùn fún òkè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "gíà kékeré, gíà ńlá" dà yín lórí rú.

Táyà wá ńkọ́? Táyà náà jẹ́ gíà, gíà ìkẹyìn pátápátá, ó kàn jẹ́ rọ́bà ni. Bó bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti ń ti ilẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín axle tó, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára tó fi ń ti ilẹ̀ ṣe ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 265/70R16: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìyẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 16. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, táyà yẹn ga tó mìlímítà 777. Tí 285/75R16 jẹ́ 834. Ẹ pín 834 sí 777, ẹ óò rí 1.073. Ìyẹn ni pé ìdá 7 nínú 100 àti díẹ̀ ni mo fi kún gíga táyà Dádì. Láìfọwọ́ kan difrẹ́ńṣà, ó dà bí ẹni pé mo lọ yọ 4.10 wọn kúrò, mo fi 3.82 sí i. Èmi ni mo fi owó ara wọn ṣe é fún wọn.

Ẹ ń sọ pé ìdá 7 kéré. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ bá ọlọ́kadà.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún máṣíìnì ṣe lọ́nà Ìfẹ́tẹ̀dó, ẹ dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ óò rí àwọn tó ń fi máṣíìnì kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti inú oko. Púpọ̀ nínú wọn kì í lo sprocket ẹ̀yìn tó bá máṣíìnì wá. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i rọ́pò. Ká ní iwájú ní eyín 14, ẹ̀yìn ní 42, ìyẹn jẹ́ 3.0 gẹ́lẹ́. Bó bá fi 45 sí ẹ̀yìn, ó di 3.21. Ẹ ṣírò ìyẹn náà: ìdá 7 nínú 100 ló fi kún un. Ìdá 7 tí ẹ̀yin ń pè ní kékeré yẹn náà ni. Ọlọ́kadà san owó kí ó lè NÍ I, ẹ̀yin san owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì kí ẹ lè SỌ Ọ́ NÙ. Tí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ẹrù wúwo, òkè pọ̀, mi ò sáré lọ síbì kankan." Kò wo fídíò kankan kó tó mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mò ń kàwé ní OAU kò mọ ohun tí ọlọ́kadà mọ̀. Ó dùn mí o.

Ẹ tún wo àwọn Mercedes 911 ayé àtijọ́ tó ṣì ń kó igi gẹdú jáde nínú igbó wa. Wọ́n rí jágajàga, èéfín ń bò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò wọn. Wọn ò lè sáré. Ṣùgbọ́n ẹrù tó lè tẹ Hilux yín pa ni wọ́n ń gbé gun òkè, torí pé láti orí ẹ́ńjìnnì dé axle, gbogbo gíà inú wọn ni wọ́n ṣe fún ẹrù. Land Rover àtijọ́, àwọn Series, 4.7 ni axle tiwọn, táyà wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ óò ní ìyẹn ti di ayé àwọn bàbá wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, ibi tí fídíò yín ti ń wá. Jeep Wrangler Rubicon tí ẹ fẹ́ràn, nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2003, 4.10 ni ilé iṣẹ́ fi sí i níwájú àti lẹ́yìn. Wrangler lásán tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà lè ní 3.07. Táyà tí wọ́n wá fi sí Rubicon yẹn ńkọ́? 245/75R16, mìlímítà 774. Ó fẹ́ẹ̀ má ga tó táyà àtijọ́ Dádì Olódè! Àwọn tó ṣe ọkọ̀ igbó kọ́kọ́ wá gíà ni, táyà wọn ò ju 31 lọ. Ẹ̀yin wo ìparí fídíò, ẹ ò wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé, "V6 ni tèmi, ó ní agbára tó pọ̀." Ẹ̀gbọ́n, agbára rẹ pọ̀ lórí ibi tó tẹ́jú. Kílọ́ọ̀ṣì tàbí gíà aládàáṣiṣẹ́ rẹ ni yóò san gbèsè yẹn. Gíà aládàáṣiṣẹ́ tiẹ̀ burú jù, torí pé kò ní rùn sí ọ nímú bíi kílọ́ọ̀ṣì. Á kàn máa gbóná, á máa gbóná, òróró inú rẹ̀ á máa jóná díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò kọ̀ láti wọ gíà kẹta lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tí wàá máa ní "ayé ló ń ṣe mí".

Àwọn mìíràn ní táyà ńlá ń jẹ́ kí epo pẹ́, torí pé ẹ́ńjìnnì kò yí púpọ̀ mọ́. Lórí ìwé, ó dà bẹ́ẹ̀. Ní gíà kẹrin Hilux wa, níbi tí gíà ti ń yí ní ọ̀kan sí ọ̀kan, táyà àtijọ́ máa ń mú ẹ́ńjìnnì yí nǹkan bíi 2,800 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú táyà tuntun, ó di 2,600. Ó dára, àbí? Àmọ́ ní òkè kékeré tí ẹ ti máa ń fi kẹrin gùn tẹ́lẹ̀, ẹ óò padà sí kẹta. Táyà náà wúwo sí i, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ má gbàgbé pé mítà yín ti di òpùrọ́: bó bá ní 100, 107 lẹ ń sá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ka kìlómítà kéré, nítorí náà ìṣirò epo yín kò lè bá òótọ́ mu mọ́. Bíréèkì náà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Bíréèkì kan náà, táyà tó ga sí i, tó tún wúwo sí i: agbára tó fi ń dá ọkọ̀ dúró dín kù. Ẹ rántí igi obì.

"Màá kàn máa lo 4L." Ó dáa nínú oko. Ṣé ẹ fẹ́ máa lo 4L lórí ọ̀dà gbígbẹ nígbà tí ẹ bá ru ẹrù gun òkè? Irú fóò-wíìlì Hilux yìí kò ṣe é fi rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ. Iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà nígbà tí ẹ bá yí ìdarí, irin á sì fọ́.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ìṣirò náà ò le rárá. Gíga táyà tuntun, ẹ pín in sí gíga táyà àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po nọ́ńbà axle yín. Tiwa: 1.073 lọ́nà 4.10, ó jẹ́ 4.40. Ìyẹn yóò kàn dá yín padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ ni o. Tẹ́ ẹ bá wá gíà kiri, 4.30 tàbí 4.556 lẹ máa rí. Èwo lẹ máa mú? Ibí ni mo ti ń bá àwọn ọlọ́gbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì jà, torí gbogbo wọn ń fi nọ́ńbà kan náà fún gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lò ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ òfìfo, mú 4.30. Bó bá jẹ́ kòkó, gedú, iyanrìn, ọ̀nà Olódè, mú 4.556. Ẹ́ńjìnnì á yí nǹkan bíi 2,900 ní ibi tó ti ń yí 2,800 tẹ́lẹ̀. Kí ni ìyẹn? Ihò ojú ọ̀nà wa kò jẹ́ kí ẹ sáré tó bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tiyín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lára páálí irin tó wà nínú ọkọ̀ Toyota, àmì axle wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti gíà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ yé, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ dí táyà iwájú pẹ̀lú òkúta, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn KAN ṣoṣo kúrò nílẹ̀, kí èkejì dúró sílẹ̀, ẹ gbé irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, gíà ní firíì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pùrópẹ́là àti táyà. Ẹ yí táyà náà ní ẹ̀ẹ̀MEJÌ gẹ́lẹ́, kí ọ̀rẹ́ yín máa ka iye ìgbà tí pùrópẹ́là yí. Bó bá yí mẹ́rin àti díẹ̀, 4.10 nìyẹn tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Mẹ́rin àti ààbọ̀ àti díẹ̀, 4.556. Báyìí ni mo ṣe mọ tiwa, lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Bí ọkọ̀ yín bá ní fóò-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ má gbà kí mẹkáníìkì kankan sọ fún yín pé ẹ̀yìn nìkan tó. Ọjọ́ tí ẹ bá fa ọ̀pá yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa fọ́. Ìdí sì nìyí tó fi wọ́n: méjì lẹ ń rà, ẹ tún ń wá ẹni tó lè fi òṣùwọ̀n to crown àti pinion kí eyín wọn lè kan ara wọn ní ibi tó yẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n tò, á máa hu bí ajá lálẹ́, kò sì ní pẹ́ kó tó jẹ ara rẹ̀ tán. Nígbà mìíràn, ó sàn kí ẹ lọ sí Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, kí ẹ wá axle tòkunbọ̀ odindi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ẹ ka á lójú ẹni tó ń tà á.

Owó ò tó? Kò burú. Owó tiwa náà ò tó. Ẹ fi táyà tó ga bíi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ jinlẹ̀, táyà ẹrẹ̀ gidi. Ẹ tún ọ̀pá 4L ṣe. Ohun tí a ṣe fún ọkọ̀ Dádì nìyẹn níkẹyìn: 265/70 padà sẹ́sẹ̀, ojú jíjinlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tuntun, 4L wọlé. Ìgbà kòkó tó tẹ̀ lé e, àpò mẹ́rìnlá gun òkè amọ̀ yẹn nínú òjò. Èmi ni mo jókòó sórí ẹrù lọ́tẹ̀ yìí, Dádì ló ní kí n jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó dá lẹ́sẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú wọn, ó ń yọjú lójú fèrèsé, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Àwọn 285 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́yìn ilé. Adìyẹ Màmá ti ń yé sínú ọ̀kan. Mo fẹ́ tà wọ́n, ojú wọn ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè owó o. Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé: gíà axle rẹ jẹ́ mélòó?